Ìdí tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Fi Máa Ń Dúró Wòye Kí Ó Tó Fò

Ẹ gbọ́ àlọ́ o.

Àlọ̀, a ń gbọ́.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́, ó bà lé Ìgbín tó ń ṣọ́ àká, ó bà lé Àdàbà, nọ́ọ̀sì ìlú Abẹ́-Ìrókò.

Ní ìlú yìí, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹranko fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àká kan tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, á gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, á mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí tuntun bá sì wọ àká, gbogbo kọ̀ǹpútà ìlú á fà á wọlé fúnra wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi Ìgbín sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ètò kékeré kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń wọn nǹkan. Ó kéré, ṣùgbọ́n àwọn ètò ńlá fẹ̀yìn tì í. Ètò tí Pẹ́pẹ́yẹ fi ń ṣe búrẹ́dì fẹ̀yìn tì í. Ètò tí Àdàbà fi ń wọn oògùn ibà fún àwọn ọmọdé fẹ̀yìn tì í.

Ó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ètò rẹ̀ kọ. Ti àtijọ́ a máa fi ṣíbí dáhùn. Tuntun ń fi ẹ̀kán, bí omi ṣe ń kán lọ́kọ̀ọ̀kan, dáhùn, nítorí ẹ̀kán péye ju ṣíbí lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó sáré dé ẹnu àká, ó ń kọrin:

Ìgbín, ṣílẹ̀kùn fún mi,
Tẹrẹnáná.
Tuntun ni mo gbé dé,
Tẹrẹnáná.
Tuntun kì í sùn síta,
Tẹrẹnáná.

Ìgbín ní, "Ó dára, ọmọ mi. Gbé e sí àgbàlá ìdánwò. Àwọn tó ń lò ó yóò kọ́kọ́ dán an wò."

"Bàbá, mo ti dán an wò nílé."

"Ilé tìrẹ nìyẹn."

Ó ṣe díẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ tún dé, ó tún kọrin. "Bàbá, ẹ ò tíì ṣílẹ̀kùn?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ní òun kò tíì ráyè. Àdàbà ní aláìsàn pọ̀ lọ́wọ́ òun."

"Ṣé torí Pẹ́pẹ́yẹ ni iṣẹ́ mi yóò fi gbó síta?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bínú lọ.

Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ gbẹ. Ìgbín fa ara wọ ìkarahun, ó dí ẹnu rẹ̀, ó sùn, bí ó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó fi Aláǹgbá ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà mọ Aláǹgbá. Ohun tí a bá bi í, orí ni yóò mì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kọrin. Ó ní, "Aláǹgbá, ṣé kí n wọlé?" Aláǹgbá mi orí. "Ṣé wọ́n ti dán an wò?" Aláǹgbá mi orí. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ̀ dáadáa pé ẹnikẹ́ni kò dán an wò. Ó gbé e wọlé bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ da omi iyọ̀ púpọ̀ jù sí ìyẹ̀fun, búrẹ́dì ọjọ́ náà kò ṣeé fi sẹ́nu. Ìyẹn kéré.

Òkété gbé ọmọ rẹ̀ kékeré dé ilé ìwòsàn, ara ọmọ gbóná. Àdàbà tẹ kọ̀ǹpútà. Ètò Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn pé ogún, ogún ẹ̀kán ló ń wí, kò ju ṣíbí kan lọ. Ètò Àdàbà kò gbọ́ èdè ẹ̀kán. Ogún ṣíbí ló kọ síta. Aláìsàn kún iwájú Àdàbà. Ó ń bù ú, ó ń bù ú. Nígbà tó bu ìkẹta fún ọmọ, Òkété di ìyẹ́ rẹ̀ mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ṣíbí kan lẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Àdàbà wo ìgò. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ọmọ ti sùn lọ. Wọ́n pè é, kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ dé etí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó sáré wá. Ó rí ọmọ náà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo yí i padà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òkété kò bú u. Ó ní, "Jókòó." Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó. Wọ́n ń fi omi nu ọmọ lára, Àdàbà ń fetí sí àyà rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọmọ sín, ó ní òun fẹ́ mu omi. Ìgbà yẹn ni Òkété tó sunkún.

Wọ́n lọ da omi lé ìkarahun Ìgbín, ó jí. Ó dá ti àtijọ́ padà sínú àká.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Bàbá, ṣé kí n ju tuntun náà nù?"

"Má jù ú nù. Ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì ọ́ ni o kò sọ fún. Bí ògiri bá fẹ́ ṣí kúrò, ṣé kò yẹ kó wí fún ẹni tó fẹ̀yìn tì í?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ̀kán ni yóò máa wí báyìí. Ṣé tiyín yóò gbọ́?" Ẹni tí tirẹ̀ kò gbọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó tì í, wọ́n jọ tún un ṣe. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí tuntun tó wọ àká. Nígbà tó sì wọlé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wọlé, nítorí kò ba nǹkan kan jẹ́.

Láti ìgbà náà ni ètò tuntun ti ń dúró ní àgbàlá ìdánwò. Àyàfi èyí tó bá wá dí ihò tí olè ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn nìkan ni Ìgbín kì í dá dúró pẹ́.

Ìdí sì nìyí tí ẹ fi ń rí ọ̀kẹ́rẹ́ títí dòní. Yóò sáré, yóò dúró, yóò na ìrù, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Ó ń wò bóyá ẹnìkan wà lórí ẹ̀ka tí òun yóò mì bí òun bá fò.

Ibí ni mo bá a dé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ọ̀fun mi há lọ́la tí mo bá fẹ́ kọrin.