Òjìji Àwẹ̀ró Nínú Ọ̀fìn Amọ̀

Láàárín àwọn amọ̀kòkò Òkè-Amọ̀, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù tó ti Àwẹ̀ró. Èèwọ̀ ni ìbínú nídìí amọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ìkòkò tí a bá fi ìjà mọ kò ní jáde láyọ̀ nínú iná. Nígbà tí Àwẹ̀ró wà lọ́mọdé, ó jágbe mọ́ Àjíhùn, àbúrò rẹ̀, lẹ́bàá ìkòkò tútù. Nígbà tí wọ́n sun ìkòkò wọ̀nyí, gbogbo wọn ló sán. Ìyá wọn wò ó títí, ó ní, "Ẹlòmíràn kan ń bẹ nínú rẹ tó ń bá ọ rìn bí òjìji. Má jẹ́ kó jáde mọ́."

Ọmọ gbọ́ràn ju bó ti yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, a rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá gba ibi ìjókòó rẹ̀, a sún. Kódà, abẹ́ igi nìkan ló ń jókòó sí mọ ìkòkò, kí ojú rẹ̀ má baà kan òjìji ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣeni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ògiri ọ̀fìn tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ya lulẹ̀. Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin Àjíhùn, wà nísàlẹ̀, amọ̀ sì mù ún dé àyà. Àjíhùn wó lulẹ̀, ó ń sunkún. Olórí àwọn amọ̀kòkò ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ rọra o, ẹ má pariwo nídìí amọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn ọkùnrin tó lọ sóko." Oko jìnnà, amọ̀ sì tún ń já wálẹ̀.

Àwẹ̀ró sún mọ́ etí ọ̀fìn. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì nà gbalaja sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ìbíyẹmí fọwọ́ kàn án, ó gbójú sókè wo Àwẹ̀ró.

"Ìyá mi, òjìji yín ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ohun tí Àwẹ̀ró ti ń gbé mì láti ogún ọdún ru sókè. "Kí lẹ ń dúró wò? Ẹ kó ọ̀já yín wá! Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ dì í mú, kí n má sì gbọ́ 'ẹ rọra' lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́!"

Wọ́n tú ọ̀já wọn, wọ́n so wọ́n pọ̀. Wọ́n fi í sọ Àwẹ̀ró kalẹ̀ sínú ọ̀fìn. Ó fọwọ́ wa amọ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, wọ́n sì fa àwọn méjèèjì jáde.

Àwẹ̀ró yíjú sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín."

Àjíhùn gbá a mọ́ra pinpin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ẹ ń fi pamọ́ yẹn ló gba ọmọ mi là. Ẹ má lé e mọ́."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ara sì tù ú. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá kò bẹ̀rù, ó ní òun bẹ̀rù gan-an. Èyí tó ṣáájú òun dé ìsàlẹ̀ ni kò bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: òjìji kì í bẹ̀rù ọ̀fìn.