Ìdí Tí Fèrèsé Fídíò Fi Ń Léfòó Ní Igun

Nígbà láéláé, tí gbogbo fèrèsé ṣì ń gbé jẹ́jẹ́ lára ògiri, ewúrẹ́ kan wà nínú fídíò kan. Orí kẹ̀kẹ́ ológeere ló jókòó sí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, nítorí òkìtì èèpo iṣu kan wà nísàlẹ̀ tó ti ń wù ú jẹ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kò débẹ̀ rí. Mọrẹ́nikẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà a wo fídíò náà dé agbedeméjì, a sì rántí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ṣí ojú-ìwé mìíràn báyìí, fèrèsé fídíò a pa dé, kẹ̀kẹ́ a sì dúró gbagidi. Ẹ wo ìyà! Ebi ní tirẹ̀ kì í dúró.

Ni ewúrẹ́ bá ké sí Àfikún, ọ̀gbẹ́ni kúkurú kan tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọba Aṣàwákiri, ọba tó ń kó ojú-ìwé wá fún Mọrẹ́nikẹ́. Iṣẹ́ Àfikún ni kó máa fi ohun tí kò sí nílé kún ilé.

“Ẹ̀gbọ́n Àfikún, ẹ dákun, ẹ yọ fèrèsé mi lára ògiri, kó lè máa tẹ̀ lé Mọrẹ́nikẹ́ kiri.”

“Ṣé o ò gbọ́ pé ibi tí a bá so ẹran mọ́ ló ti ń jẹ ni?”

“Kẹ̀kẹ́ nìkan ló wà níbi tí wọ́n so mí mọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo sì ti tọ́ ọ wò.”

Àánú ṣe Àfikún. Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n má gun àgbà lórí o!” Ó di fèrèsé mú, ó fà á yọ, fàà! Fèrèsé léfòó.

Kíá ni ewúrẹ́ gbàgbé ìkìlọ̀. Ẹnu Bàbá Ìròyìn, ojú-ìwé àgbàlagbà tí Mọrẹ́nikẹ́ ń kà lọ́wọ́, ni fèrèsé náà lọ bà lé.

Inú bí baba. Ó wọ́ ewúrẹ́ dé iwájú ọba.

“Kábíyèsí, ọmọ yìí ò kí mi. Èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe máa kí i! Bó bá jókòó, ǹ bá ní kú ìjókòó. Bó bá dúró, ǹ bá ní kú ìdúró. Ta ló gbọ́ kú ìléfòó rí?”

Ẹni tí kò ní kíkí nílẹ̀ Yorùbá, wàhálà ńlá ni.

Ewúrẹ́ bú sẹ́kún. “Ebi ń pa mí, Kábíyèsí. Ẹ má dá mi padà sí ògiri.”

Ọba ronú títí. Ó ní, “Máa léfòó. Ṣùgbọ́n igun ni kí o wà, níbi tí ọmọdé ń jókòó sí bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí o sì kéré níwọ̀n. Bí o bá dí àgbà lójú, kí wọ́n fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kíkí kò kàn ọ́.” Ó wá kọ fèrèsé náà nílà: ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ní igun orí. “Bí o bá tún ṣe agídí, ibẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀, wàá sì wábi gbà.”

Báyìí ni kẹ̀kẹ́ tún gbéra. Mọrẹ́nikẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó ń yọjú wo igun. Ewúrẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè! Ó bu èèpo iṣu ẹyọ kan sẹ́nu, ni fídíò bá parí. Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n tún un wò,” ewúrẹ́ sì bá ara rẹ̀ lórí òkè padà.

Láti ọjọ́ náà ni fèrèsé fídíò ti ń léfòó ní igun pẹ̀lú ìlà lórí. Láti ọjọ́ náà sì ni ewúrẹ́ ti ń jẹ àpọ̀jẹ: èèpo ẹyọ kan yẹn ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò fẹ́ kó tán.