Ilé Adìyẹ Tí A Kò Tíì Ṣí

Ọkùnrin kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe wolé-wolé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ ilé onílé, kó wo ìkòkò omi, kó wọn fèrèsé, kó sì bi baálé ilé léèrè ìdí tí èèyàn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí kò gba àga méjì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó sunkún.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ rò ó títí, wọ́n ní adìyẹ ni yóò bọ́ àwọn lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin náà, wọ́n fi owó rẹ̀ ra òròmọdìyẹ. Ẹ̀rọ yẹn ló ti fi ń jẹun láti ìgbà ọmọge. Ó nù ún dáadáa kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹyin kì í já bí òwú.

O mọ̀ pé òròmọdìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kì í wọ ilé adìyẹ tààrà. Òtútù yóò pa á. Inú yàrá ni wọ́n ń kó wọn sí, wọn a fi pákó ṣe ọgbà kékeré yí wọn ká, wọn a gbé ìkòkò èédú sí wọn nítòsí. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà, wọn a máa sún pákó náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù tó èyí tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ òtútù. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì lè sún pákó.

Ṣùgbọ́n ìyókù yàrá náà ni ọkùnrin yìí kó páànù àti sìmẹ́ńtì ilé adìyẹ sí. Ilé tó ń kọ́ fún wọn kì í ṣe kékeré. Ó ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn, bí òfin ìmọ́tótó ti wí. Ó wọn fèrèsé kan, ó ní ó fi ìka kan kéré, ó ní kí káfíńtà tú u.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá a níbẹ̀.

“Baálé mi, àwọn ọmọ yìí ti ń gun ara wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká sún pákó.”

“Ká sún un lọ síbo, Àwẹ̀ró? Sórí sìmẹ́ńtì?”

“Ẹ gbé sìmẹ́ńtì síta.”

“Kí òjò wá bà á jẹ́?”

“Ó dáa. Kí òjò má ba sìmẹ́ńtì jẹ́.”

Ọkọ rẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ kó lọ sílé tuntun kì í tún àtijọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sọ ọ́ fún káfíńtà pẹ̀lú. Káfíńtà rẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Àwọn òròmọdìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn jẹ. Bí ẹ̀yìn ọ̀kan bá ti pọ́n, gbogbo wọn a dà bò ó. Àwọn tí kò lágbára kò ráyè dé ìdí omi mọ́. Ariwo wọn kò jẹ́ kí ará ilé gbádùn. Ọkùnrin náà a lọ dúró lórí wọn, a ní, “Ẹ ní sùúrù. Ilé yín ń bọ̀.” Ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn wọn. Ilé tó ń kọ́ dára ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé lọ.

Ilé náà parí. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé agbọ̀n wá.

“Ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ lónìí.”

“Ilé tí a kò tíì ṣí? Ta ló ń wọ ilé tuntun láìgbàdúrà sí i? Pásítọ̀ rìnrìn àjò. Ọjọ́ Sátidé ló ń dé.”

“Ṣé pásítọ̀ ló fẹ́ máa gbé ibẹ̀ ni?”

Ọkọ rẹ̀ ti pe àwọn àgbà àdúgbò pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀la kí pásítọ̀ dé ni òjò rọ̀ mọ́jú. Èédú kú. Àwọn òròmọdìyẹ wá ooru lára ara wọn, wọ́n wọ́ jọ sí kọ̀rọ̀ kan, kò sì sí àyè tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè gbà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé dákẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lórí ibùsùn, inú rẹ̀ dùn. Ó ní wọ́n ti gba ìwàásù òun.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ yàrá. Agbọ̀n tó fẹ́ fi kó wọn lọ sílé tuntun ló fi kó àwọn tó kú lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ààrọ̀ ọjọ́ náà kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀; kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ó tún bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Pásítọ̀ dé, ó ṣí ilé náà, ó gbàdúrà pé kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kún ibẹ̀. Àwọn àgbà ṣe àmín. Wọ́n kó àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù wọlé. Nínú ilé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré lọ sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n gun ara wọn. Ọkùnrin náà wọlé tọ̀ wọ́n, ó fi ọwọ́ pín wọn káàkiri. Bó ti yíjú, wọ́n tún ti kó jọ. Ó tún pín wọn. Àwọn àlejò lọ tán, ó ṣì ń pín wọn.

Arákùnrin, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ rẹ obìnrin ti tó ọkọ í fẹ́, o kò jẹ́ kó yan aṣọ tí yóò wọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú kejì, o ní tó bá délé ọkọ, yóò rí àyè ṣe ohun tó wù ú. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, o ní ọmọ náà ti ń gbọ́ràn báyìí, pé kì í jiyàn mọ́, pé ilé ti dákẹ́. Ẹ̀rín ni o ń rín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́.