Baba Láṣebíkan àti Ìkòkò Àwọn Ọmọ

Ní abúlé Òkè-Ìrókò, àwọn ọmọ kéékèèké kì í rí ohun tó ju gààrí lọ jẹ láti àárọ̀ títí ìyá wọn yóò fi ti oko dé. Nígbà tí ikùn wọn ń yọ síwájú, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń tín-ín-rín, Ìyá Àwẹ̀ró, tí ọmọ tirẹ̀ pẹ́ gan-an kó tó rìn, kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n fẹnu kò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan máa mú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja tàbí ẹyin wá sínú ìkòkò kan ṣoṣo lábẹ́ igi ọsàn. Àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ sáré, wọn yóò ṣe bojúbojú títí ara wọn yóò fi gbóná, lẹ́yìn náà ni wọn yóò jẹun.

Nítorí pé àwọn òbí ń lọ sóko, wọ́n fi Baba Láṣebíkan, tó dàgbà jù ní abúlé, ṣe alábòójútó. Láyé ìgbà náà, àgbà ni í kọ́kọ́ bu oúnjẹ sínú igbá rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ ni yóò máa wo ẹ̀yìn, kí ó lè ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ náà ni yóò sì ru igbá rẹ̀ dé ilé, nítorí àgbà kì í ru ẹrù níbi tí ọmọdé bá wà. Ta ni ìbá rò pé ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti funfun yóò máa bá ọmọdé du ẹja? Ó bá wọn du ú. Gbogbo ẹyin ni ó ń ṣà, gbogbo ẹja ni ó ń yọ, ẹ̀fọ́ pàápàá kò ṣẹ́kù. Omi ẹ̀wà ni ó ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró rí i pé ọmọ òun ṣì ń rù, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣẹ́ ẹyin díẹ̀ kù fún wọn.”

“Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà,” ni baba dáhùn. “Ẹ̀kọ́ ilé ni mo ń kọ́ wọn.”

“Wọn kò lè sáré mọ́, Baba.”

“Ọ̀lẹ ni wọ́n.”

Ẹ̀kọ́ ilé kẹ̀? Inú a máa bí mi bí mo bá ti dé ibí yìí. Ta ni olè níbẹ̀, ṣé ọmọ tí kò mọ bí ẹyin ṣe ń dùn ni, àbí ẹni tó ń gbé e mì?

Lọ́jọ́ kan, ó kó ẹyin àti ẹja kún igbá ńlá, ó fi ewé bò ó, ó fẹ́ gbé e lọ sílé. Òjò ti ṣú, àwọn obìnrin sì ń yára bọ̀ láti oko.

“Àwẹ̀ró, wá ru igbá mi.”

Ọmọ náà dìde, wọ́n gbé igbá kà á lórí, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lójú ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ewé ṣí kúrò lórí igbá, gbogbo wọn sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Baba tún pe ọmọ mìíràn. Ìyẹn dìde, ó tún jókòó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbé e.

Ìyá Àwẹ̀ró pọn ọmọ rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yìí.

“Baba, ẹ ti jẹ agbára tí wọn ìbá fi gbé e,” ni ó wí. “Ẹ gbé e fúnra yín.”

Baba Láṣebíkan wò yíká, ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́. Ó gbé igbá karí, ó sì ń gba iwájú ilé gbogbo kọjá nínú òjò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó sì rí i tó ń ru ẹrù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, tó fi di òwe tí àwọn àgbà ń pa títí dòní pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.