Omi Tí Efúnbọ́lá Ní Kí Wọ́n Dà Sọ́nà Ilẹ̀dú

Nígbà tí ìròyìn dé Ilẹ̀dú pé àwọn akónilẹ́rú ti sọdá odò, kò sẹ́ni tó sáré di ẹrù. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sá fún ogun, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi òkú sílẹ̀ láìsin. Ilẹ̀ dúdú tó wà láàárín ìjọba méjì, tí ìjọba kankan ò fẹ́, ni wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sí, nítorí pé bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀tá rọ́nà gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé wàyí, ilẹ̀ ti le gbagidi.

Nínú gbogbo wọn, Efúnbọ́lá ló rẹ̀ jù. Efúnbọ́lá amọ̀kòkò, arúgbó tí amọ̀ kì í tán léèékánná rẹ̀, obìnrin tó ru ìkòkò méjì tó tún pọnmọ! Orúnkún ń dùn ún, Abẹ́ní, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ò sì tíì rìn. Ó mọ̀ pé òun ò lè gbé ọmọ yẹn sá mọ́.

“Baálẹ̀, n ò sá mọ́,” ló wí níwájú gbogbo ìlú. “Ẹ jẹ́ ká pọn omi ọ̀gọ̀dọ̀ dà sọ́nà.”

Baálẹ̀ Àdìgún lanu, kò lè pa á dé. “Ìyá, ṣé kò sí o? Omi tí a ó máa mu títí òjò á fi dé nìyẹn!”

“Mo mọ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Bí ti ọ̀nà yìí bá mumi yó, ẹsẹ̀ tó bá kó sí i ò ní yọ bọ̀rọ̀. Òùngbẹ á fún wa láyè ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn ò ní jẹ́ ká mí.”

Ìyàwó Baálẹ̀ dìde, ó gbé ìkòkò.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pọnmi lọ sí ibi tí ọ̀nà ti rọ̀ sílẹ̀ láàárín igbó ẹlẹ́gùn-ún méjì. Lọ́jọ́ kìíní, ilẹ̀ fa gbogbo rẹ̀ mu bí ẹni pé wọn ò da nǹkan kan, àwọn kan sì jókòó, wọ́n ń sunkún. Efúnbọ́lá ń tẹ amọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń fi koríko gbígbẹ bò ó bí amọ̀kòkò ti í bo amọ̀ kó má baà gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku ìkòkò kan péré. Ètè Abẹ́ní ti sán. Arúgbó wo ọmọ, ó wo omi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dà á. Èmi ò lè ṣe é.” Wọ́n bá a dà á.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ogun dé. Wọ́n tẹ koríko, wọ́n rì dé itan, ọfà àwọn ọdẹ ìlú sì bo wọ́n látinú igbó. Àwọn tó rí ẹsẹ̀ yọ sá padà, wọn ò dúró kó okùn tí wọn ì bá fi de ará Ilẹ̀dú lẹ́rú. Baálẹ̀ fẹ́ fi Efúnbọ́lá joyè lójú ẹsẹ̀. “Oyè kẹ̀?” ló wí. Ó gbé Abẹ́ní sáyà, ó sùn lọ lórí ilẹ̀. Ìlú wò ó, wọ́n sì dùbúlẹ̀ tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ò rọ̀ títí di ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ogun náà. Abẹ́ní yè é. Àgbà mẹ́rin ò yè é.

Àwọn ìlú mìíràn a máa fi ijó rántí akọni wọn. Ọlọ́run á bá wọn ṣe é. Títí dòní, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le, ọjọ́ kan ń bẹ tí gbogbo Ilẹ̀dú ń sùn lójúmọmọ, tọmọdé tàgbà. Wọn kì í dáná, ẹnikẹ́ni kì í jí ẹnìkejì. Ààlà orílẹ̀-èdè méjì ti gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá báyìí, àwọn aṣọ́bodè ìhà méjèèjì sì ti mọ̀. Bí ìwọ náà bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí o ò gbóhùn ẹnì kan, má kanlẹ̀kùn o.