Ẹsẹ̀ Àgbébọ̀ àti Àgbàdo Àwẹ̀ró

Nígbà láéláé, kò sí adìẹ kankan nínú ilé ènìyàn. Inú igbó ni gbogbo wọn ń gbé.

Ewé gbígbẹ ló bo ilẹ̀ igbó, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìkán àti ekòló ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, kí Àgbébọ̀ tó jẹun, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tan ilẹ̀, á sún sẹ́yìn, á wò ó dáadáa. Bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ nìyẹn, bó ṣe ń ṣe lálẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ náà kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ní ọdún kan, iná jó igbó náà kanlẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí mọ́, ni àṣá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ Àgbébọ̀ lọ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó kó àwọn tó ṣẹ́kù, ó lọ bá Àwẹ̀ró, obìnrin kan tó ń sá àgbàdo sórí àpáta lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó ní kí wọ́n máa sùn sábẹ́ àká òun, kí wọ́n sì máa jẹ nínú àgbàdo náà.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́,” ló wí. “Má tú àgbàdo mi ká. Bí o bá tú u ká, ẹ ó padà síbi tí ẹ ti wá.”

Àgbébọ̀ ní ìyẹn ò le rárá.

Ó gun orí àgbàdo. Oúnjẹ wà níwájú, ó wà lẹ́yìn. Kí ẹnu rẹ̀ tó kanlẹ̀, ẹsẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, àgbàdo ti fọ́n sínú iyanrìn. Ó bẹ̀bẹ̀, Àwẹ̀ró gbà. Nígbà tó tún padà débẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kan sókè kó má baà ṣìwà hù. Ẹsẹ̀ tó fi dúró ló tún fẹ́ tan ilẹ̀, ló bá ṣubú yakata, ó sì gbá gbogbo àgbàdo dànù.

Àwẹ̀ró fa ìgbálẹ̀ yọ, ó ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn ọmọ ń sunkún, àṣá ń rà bàbà lókè.

Bí Àgbébọ̀ ṣe ń kọjá lórí àpáta tó ti ṣófo, ó dúró. Ó fẹsẹ̀ tan òkúta, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àṣé kì í ṣe àfojúdi,” ló wí. “Padà wá, Àgbébọ̀. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ dé ìdí ohun tí mo bá sá sóòrùn mọ́. Èmi ni màá máa da tìrẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí o máa tàn án bó ṣe wù ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń bá wa gbélé, tí a ń da oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, tí a sì ń lé e nídìí ohun tí a bá sá sóòrùn. Bí o bá sì gbé e ka orí òkìtì àgbàdo lónìí, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tàn án ná, á sún sẹ́yìn, á wò ó, bí ẹni pé igbó ò tíì jó.