Ọgbà Lékèélékèé Tó Mọ́ Jù

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí ọgbà Lékèélékèé.

Ẹ̀yin ọmọ, Lékèélékèé fẹ́ fi Àwẹ̀ró, ọmọ Baba Àparò, ṣaya. Baba ní kó kọ́kọ́ ká elégédé fún òun nínú ọgbà ara rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́. Lékèélékèé gbìn ín, ó sì tanná rẹrẹ. Lékèélékèé ń yan kiri pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ewéko tó òun. Àràárọ̀ ló ń gbá ìdí elégédé bí ẹni ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Oyin dé. “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n bà sórí òdòdó yín.”
“Pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku yẹn? Kúrò ńbẹ̀!” Ló bá dá orin:

Ọgbà mi mọ́ o,
Jáńjálá!
Ẹlẹ́sẹ̀ ìdọ̀tí, padà o,
Jáńjálá!

Labalábá dé, Lékèélékèé kọ ọ́ lórin, ó lé e. Agbọ́n dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí a ò bá gbé ìyẹ̀fun òdòdó kan dé ara ìkejì, kò ní so o.”
“Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni n ó mú un so!” Ó tún kọrin, ó lé e.

Òdòdó elégédé rẹ̀ dànù. Ọ̀gbẹ́ni gbá ìyẹn náà.

Ọjọ́ àdéhùn pé, Baba Àparò dé tòun tọmọ. Ó tú ewé títí.
“Àna mi, elégédé dà?”
“Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá.”
“Ilẹ̀ la máa sè jẹ?”

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àwọn ọmọ tí mo máa bí á máa fẹsẹ̀ tanlẹ̀. Ṣé ẹni yìí á gbá àwọn náà dànù ni?”

Àlọ́ mi já síbẹ̀ yẹn. Bí mo bá purọ́, kí elégédé hù sí mi létí.